Olùkọ́ Kíláàsì Kìn-ín-ní ni Èmi

Ní Ọjọ́ Ajé tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, gbogbo olùkọ́ ló dìde bí mo ṣe wọlé. Fúnmiláyọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé náà, dìde pẹ̀lú wọn, ó sì fi ìjókòó ara rẹ̀ lọ̀ mí.

"Màmá, ẹ jókòó síbí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo lè dúró, mà."

Èmi ni ọ̀gá rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń dá ṣọ́ọ̀kì sí méjì kí ó má baà máa ké lójú pátákó. Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní gba ìsinmi ìbímọ, tí Fúnmiláyọ̀ kò rí ẹni tí yóò dípò rẹ̀, ó wá bẹ̀ mí. Ìyá Bísí, aládùúgbò mi ní Ilare, fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá pátápátá fẹ́ lọ máa nu ikun fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo ní ikun kì í ṣe àrùn.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ olùkọ́, bí ọmọ kíláàsì mi bá gba ipò kìn-ín-ní níbi ìdíje ni mo tó ń ka ara mi sí ènìyàn. Nígbà tí mo di ọ̀gá, ìkíni àwọn òbí lẹ́nu géètì ló ń mú orí mi wú. Mo fẹ̀yìn tì tán, ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá kò yà fún mi mọ́. Nítorí náà, ọlá tí Fúnmiláyọ̀ ń bù fún mi dùn mọ́ mi. Àràárọ̀ ló ń ní kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi ìpéjọ. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń gbé ẹjọ́ wá bá mi dípò rẹ̀.

Fúnmiláyọ̀ ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má na ọmọ tó bá pẹ́ dé mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, olùkọ́ kíláàsì kẹfà, kò fara mọ́ ọn. Ó kọjú sí mi nínú yàrá olùkọ́, níṣojú gbogbo wa.

"Màmá, nígbà tiyín, ṣé a kì í nà wọ́n?"

"À ń nà wọ́n."

"Ẹ bá wa dá sí i, mà."

Fúnmiláyọ̀ wolẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá dá sí i, kódà kí n gbè é lẹ́yìn, ọwọ́ mi ni àṣẹ ilé-ìwé náà yóò wà láti ọjọ́ náà lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní ni èmi. Ọ̀gá wa ló jókòó yẹn. Àwọn ni kí ẹ bi."

Fúnmiláyọ̀ gbórí sókè. Ó ní òfin òun kò yí padà. Àjàyí fèsì pé, "Ó dáa, mà," Fúnmiláyọ̀ ló sì sọ ọ́ fún, kì í ṣe èmi.

Àwọn kan ní ìrẹ̀lẹ̀ ni mo ṣe. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀, iṣẹ́ ni. Ẹni tí mo ti ń kọ́ tipẹ́ ni mo ṣì ń kọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àdùkẹ́, ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì mi, dìde, ó ka gbólóhùn kan já. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sí àtẹ́wọ́, wọ́n ń lu tábìlì. Fúnmiláyọ̀ yọjú lójú fèrèsé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ariwo kíláàsì yín pọ̀ jù. Àwọn kíláàsì kẹfà ń ṣe ìdánwò."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Ó lọ. Mo fìka sẹ́nu fún àwọn ọmọ, mo sì rọra ní kí Àdùkẹ́ ka ìkejì.