Bí A Ṣe Ń Kí Àgbà Láìṣí Ìbòjú

Ràfíátù ni ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Àárọ̀ Sátidé kan ni, eré ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwọn igi kajú, mo sì gba ẹ̀yìn òkìtì táyà kọjá láti lọ wo igun kan tí àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ràfíátù lúgọ sẹ́yìn àgbá onírin kan níbẹ̀. Bí ó ti rí mi, ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè orí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Mẹ́tìrì. Ṣé ara le?"

Kí n tó dáhùn, hóró ọ̀dà kan ti bẹ́ gbàù lára àgbá náà. Ọ̀dà búlúù ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítòsí ojú gan-an. Mo fọn fèrè títí èémí fi fẹ́ẹ̀ tán nínú mi. Eré dúró.

"Ràfíátù, ta ní ní kí o ṣí i?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣí i, Mẹ́tìrì. Ẹ̀yin ni mo rí."

"Tí o bá rí mi ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè mi kò mọ́gbọ́n dání. "Ṣé kí n wá fi ojú bíbò kí yín ni?"

Ó dára kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọkùnrin bíi tèmi, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ṣì ń pè ní Mẹ́tìrì bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe ń pe olùkọ́, ṣe di adájọ́ eré ọ̀dà.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bétérou àti ní Tchaourou ni mo ti lo ayé iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé iṣu àti àwọn ọmọ-ọmọ ni yóò gba àkókò mi. Ṣùgbọ́n Jánvíà, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́, dé láti Cotonou pẹ̀lú ẹrù kan tí wọ́n fi tapólì wé sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ti bá àwọn kan ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ọ̀dà ta ara wọn fún ìgbádùn, ó sì fẹ́ kí irú rẹ̀ wà ní ìlú tirẹ̀. Alájì Sùlé, àgbà oníṣòwò kajú, yọ̀ǹda ọgbà kajú àtijọ́ kan fún un lójú ọ̀nà Kika, ibi tí àwọn igi ti gbó tí wọn kò sì so dáadáa mọ́.

Eré náà kò le láti lóye. Ẹgbẹ́ méjì ni yóò dojú kọ ara wọn. Àsíá kan wà láàárín; ẹgbẹ́ tí ó bá gbé e dé ibùdó tirẹ̀ ni ó borí. Ohun tí a fi ń ta ara wa ni hóró ọ̀dà, ó rí roboto bí bíìlì tí àwọn ọmọdé ń ta nílẹ̀, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀dà tí omi lè fọ̀ kúrò ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí hóró bá bẹ́ sí lára yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò sì jáde. Afẹ́fẹ́ inú ìgò ni ó ń ti hóró náà jáde láti inú ohun kan tí àwọn ọmọ ń pè ní ìbọn. Èmi kò gbà. Ẹ ronú wò ó: ibi tí a wà kò jìnnà sí ẹnubodè, àwọn èèyàn bojú, wọ́n wà nínú igbó, ẹnìkan wá ń pariwo ìbọn! Mo ní lánsọ̀ ni kí a máa pè é, bí Jánvíà ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé. Ẹni tí ó bá pè é ní ìbọn, òun ni yóò gbá ewé pápá lọ́jọ́ náà. Láàárín oṣù kan, kò sí ẹni tó tún ṣì í pè.

Jánvíà ló wá bẹ̀ mí pé kí n ṣe adájọ́. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa, Mẹ́tìrì," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó máa lè bá yín jiyàn."

Mo fi ojú olùkọ́ wo iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo kí n tó fi kọ́ni. A ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń wọn bí hóró ṣe ń sáré tó. Lánsọ̀ tí hóró rẹ̀ bá ń sáré jù kò ní wọ pápá. Ẹni tí ó bá jáde kúrò lójú eré gbọ́dọ̀ fi àpò kékeré bo ẹnu lánsọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí a ń fi ìbọ̀sẹ̀ wọ ẹsẹ̀ ọmọ. Hóró tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ti di ti ilẹ̀. Ẹ má ṣà á, iyanrìn ara rẹ̀ yóò ba lánsọ̀ jẹ́. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Lékè gbogbo rẹ̀, ìbòjú. Gàníyù, tó ń gun zémì, ìyẹn alùpùpù akérò, gbé gíláàsì tó fi ń gùn ún wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Èyí náà ń dá eruku dúró, Mẹ́tìrì."

"Hóró ọ̀dà kì í ṣe eruku, Gàníyù."

"Ṣùgbọ́n ó bá ojú mi mu!"

"Lọ fi ya fọ́tò, kí o sì wá gba ìbòjú."

Ìbòjú tí a ṣe fún eré yìí nìkan ni ó lè gbà á. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti wọ inú àwọ̀n tí a ta yí pápá ká títí yóò fi jáde, kò gbọ́dọ̀ ṣí i, ì báà jẹ́ pé òógùn ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀. Gbogbo wọn lè ka òfin yìí lórí. Síbẹ̀, bí mo bá ti yọjú sí wọn, wọ́n á ṣí ojú. Ọ̀wọ̀ tí Jánvíà torí rẹ̀ yàn mí gan-an ló fẹ́ fọ́ wọn lójú.

Mo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kí mi nínú pápá. Àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ láti ìgbà tó ti ń rá pé kí ó ṣí ojú kí àgbà, ara rẹ̀ á ti ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó rántí. "Díẹ̀ ni mo ṣí, Mẹ́tìrì," ni Gàníyù wí, "kí ẹ ṣáà lè mọ̀ pé èmi ni." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fara pamọ́. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń ti ẹ̀yìn igi kan bọ́ sí ẹ̀yìn igi mìíràn bí olè, nítorí kí àwọn ọmọ tó kọ́ má baà kí i! Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tó yá, mo rí i pé ìwà rere kì í ṣe ohun tí a ń lé jáde; ọ̀nà ni a ń là fún un. Mo to gbogbo wọn sórí ìlà. Mo ní, "Bí ẹ bá rí àgbà nínú pápá, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ iwájú ìbòjú yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kí i." Ọwọ́ tí ó bá ń tẹ ìbòjú mọ́ ojú kò lè ṣí i. A ṣe é, a tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ka ìṣirò ní kíláàsì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo ti ń rìn ní àárín pápá láìfara pamọ́, orúnkún ń kanlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ojú ẹnikẹ́ni kò sì hàn síta.

Inú mi dùn títí Alájì Sùlé fi wá wo ilẹ̀ rẹ̀.

Ràfíátù, ọmọ àbúrò rẹ̀, wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, nínú àwọ̀n. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ mọ́ ìbòjú, ó kí i. Alájì dúró.

"Ta nìyí? Ṣé egúngún ló ń kí mi ni?"

"Èmi ni, Bàbá. Ràfíátù ni."

"Ràfíátù tí mo mọ̀ ní ojú." Ó yíjú sí èmi àti Jánvíà. "Mo gbọ́ pé àwọn ará Parakou ń bọ̀ wá bá yín ṣeré. Mo máa wá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bojú kí mi lọ́jọ́ náà, kí ẹ kó àwọ̀n yín kúrò lórí ilẹ̀ mi."

Jánvíà tẹ̀ lé mi délé. Gbogbo ohun tó ní ló wà nínú pápá yẹn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i fún un, Mẹ́tìrì. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni ojú ń fọ́, Jánvíà."

Lọ́jọ́ kejì mo gbé lánsọ̀ kan, ìbòjú mẹ́ta àti ìbépé méjì lọ sí ilé Alájì. Mo wọ ìbòjú kan, mo wọ òmíràn fún òun náà. Mo fi ìbòjú kẹta wé ìbépé kan, mo sì fi èkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò. A jọ dúró jìnnà, mo sì ta àwọn méjèèjì. Èyí tó bojú kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Èkejì ya, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀.

Alájì yọ pákò lẹ́nu. "Mo rí i pé ó lè fọ́jú. Èmi kọ́ ni ẹ ó sọ ìyẹn fún. Ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń mọ ọmọ, Mẹ́tìrì. Ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tọkàntọkàn ló fi kí mi?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò fi ṣẹ̀rín. Mo ní, "Orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀, Alájì. Ẹ ò ní rí i láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Ẹ wọlé wá dúró tì mí nínú pápá lọ́jọ́ náà, kí ẹ wo ohun tí ó ń ná ọmọ láti kúnlẹ̀ níbẹ̀."

"Èmi? Kí n bojú lójú gbogbo èèyàn?"

"Ẹ̀yin náà. Kò sẹ́ni tí òfin yẹn yọ sílẹ̀."

Kò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ó dé. Ó wọ jílẹ̀ aláwọ̀ ọsàn, ẹ̀wù àìlápá àwọn adájọ́, bíi tèmi lórí agbádá rẹ̀, ó bojú, a sì jọ dúró nídìí igi kajú ńlá tó wà láàárín. Jánvíà kò lè wo ọ̀kánkán wa.

Àwọn ará Parakou mọ eré ọ̀hún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ta àwọn tiwa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gàníyù gbé ọwọ́ sókè, ó ń ráhùn jáde pé ẹ̀yìn àgbá ni òun wà, bóyá àgbá ló tinrín. Ràfíátù nìkan ṣoṣo ló kù fún wa, àwọn méjì ló kù fún wọn, àsíá sì wà lórí òpó nítòsí ibi tí a dúró sí. Ó sáré bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn igi kan sí èkejì, ó yọ sí wa lójijì. Ó rí Alájì.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá sáré kọjá láìkí i, ó fi àbùkù kàn án. Bí ó bá ṣí ojú, ó rú òfin, a sì pàdánù. Bí ó bá bojú kí i, ilẹ̀ lè lọ. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì lórí ewé gbígbẹ. Ó tẹ́ ọwọ́ mọ́ ìbòjú.

"Ẹ kú ìdúró, Bàbá."

Ọ̀kan nínú àwọn ará Parakou, tó gbọ́ Nàgó, èdè tiwa, pariwo pé, "Ẹ wá wò ó, wọ́n ń kírun nínú eré!" Ó nà jáde láti ẹ̀yìn igi, ó sì ta. Ibi tí orí Ràfíátù wà kí ó tó kúnlẹ̀ ni hóró náà gbà kọjá. Ó bẹ́ pàá sí àárín ojú Alájì Sùlé.

Gbogbo gíláàsì ìbòjú rẹ̀ di búlúù. Ó kígbe, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ìbòjú láti ṣí i. Fèrè ti wà lẹ́nu mi. Bí mo bá fọn ọ́n, eré dúró, ọ̀tá á tún rí ibi sá sí. Ràfíátù ló ṣáájú mi. Láti orí ìkúnlẹ̀ ni ó ti pariwo bí ẹni pé òun ló bí i:

"Bàbá, ẹ má ṣí i! Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́jú!"

Alájì Sùlé, ẹni tí gbogbo ọjà kajú ń dìde fún, ṣe bí ọmọ náà ti wí. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọ̀dà náà, ó dúró gbọn-in. A gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ìbòjú, bí èyí tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá:

"O káre, ọmọ mi. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ràfíátù kò dìde. Ẹni tó ta Alájì ṣì dúró síta, ó gbé ọwọ́ lé orí nítorí ohun tó ṣe. Hóró Ràfíátù bá a ní àyà. Ẹnì kejì rẹ̀ sáré jáde láti gba àsíá. Ó kọ́ ẹsẹ̀ lára gbòǹgbò, kí ó tó nàró Ràfíátù ti ta á léjìká. Ó wá dìde, ó fa àsíá yọ, ó sì sáré lọ sí ibùdó wa, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn àwọ̀n hó yèè títí àwọn ọlọ́kadà ojú títì fi dúró wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo lánsọ̀ ti ní àpò lẹ́nu, tí a sì ti jáde, mo ran Alájì lọ́wọ́ láti bọ́ ìbòjú rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀dọ́mọkùnrin Parakou náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Dìde," ni Alájì wí fún un. "O mọ̀ ọ́n ta. Ràfíátù dà?"

Ràfíátù dé, òógùn bò ó, àsíá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, Alájì dì í mú lápá. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó wo ewé tó lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Ó wá yíjú sí Jánvíà, ó ní kí ó lọ na àwọ̀n rẹ̀ síwájú sí i, nítorí pé àwọn igi kajú tó wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn náà ti gbó, òun kò sì rí ohun tí òun ń fi wọ́n ṣe.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti wá bá wa ṣeré láti ìgbà náà, gbogbo wọn ni mo sì ń kọ́kọ́ kọ́ ní ìkíni yìí kí wọ́n tó gba lánsọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, màá ní kí wọ́n tún un ṣe. Èmi ṣì ni adájọ́. Kò tíì sí ojú kan tó fọ́ ní pápá wa.