Ìwé Tí Àǹtí Rẹ̀mí Fi Máṣíìnì Rán

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, wọ́n nà mí nítorí orúkọ kan. Kì í ṣe pé mo fi orúkọ náà bú ẹnikẹ́ni o. Wọ́n bi mí léèrè, mo dáhùn, ẹgba mẹ́fà sì ni èrè mi. Ó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún báyìí, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ rí, tí ẹ na ọwọ́ sókè títí apá fi kú, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín. Wọ́n á ní kí àgbà máa dárí jì. Mo ti gbọ́.

Ilé tí a ń gbé kò jìnnà sí Sábó. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, òórùn súyà á máa dà gbá wa láti ọ̀hún, kò sì sí ẹni tó máa ra ọ̀kankan fún wa. Ará Iléṣà ni bàbá mi, rélùwéè ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ. Èmi ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni mo ni gbogbo iṣẹ́ ilé: kí n pọn omi, kí n gbálẹ̀, kí n fọ ewé eéran tí wọ́n máa fi pọ́n ẹ̀kọ, ewé kan lẹ́yìn èkejì. Bí ewé bá ya mọ́ mi lọ́wọ́, orógùn ẹ̀kọ gbígbóná ló máa dá mi lóhùn. Títí di òní, bí mo bá rí ewé tó ya, orí mi á kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ ná.

Yàrá iwájú ilé ni Àǹtí Rẹ̀mí ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ránṣọ. Ará Èkìtì ni wọ́n. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo, àfi bí òwú bá já, nígbà náà ni wọ́n á máa fi èdè Èkìtì bá abẹ́rẹ́ jà bíi pé ó gbọ́. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, tí mo ti fọ ewé tán, ọ̀dọ̀ wọn ni màá sá lọ. Mo máa ń fẹ́ iná àáyọ́nù eléèédú fún wọn, mo máa ń ṣa àjákù òwú nílẹ̀, ojú mi ṣì ríran dáadáa nígbà yẹn, èmi ni mo ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n á fún mi ní gúgúrú àti ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní, "Ó yá, kà á fún mi, ọwọ́ mi dí."

Ìwé tí mo máa ń kà, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́. Wọ́n kó ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin jọ, irú èyí tí a ń lò ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n gbé e sábẹ́ máṣíìnì, wọ́n fi òwú pupa rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, wọ́n wá fi àgékù aṣọ kan ṣe èèpo rẹ̀. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ kò sí níbì kankan láyé. Ìtàn ọmọ Jẹ́fútà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Àwọn Onídàájọ́ mọ̀ ọ́n. Jẹ́fútà ń lọ sójú ogun, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí òun bá ṣẹ́gun, ohun tó bá kọ́kọ́ ti inú ilé òun jáde wá pàdé òun, òun á fi rúbọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló jáde wá pàdé rẹ̀ tijó tijó. Bíbélì kò dárúkọ ọmọ náà. Kò sọ ìyá tó bí i.

Ohun tó ń bí Àǹtí Rẹ̀mí nínú nìyẹn. Wọ́n á dá máṣíìnì dúró. "Jẹ́fútà lórúkọ, bàbá Jẹ́fútà lórúkọ, ìlú tí wọ́n kó lẹ́rú gan-an lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ pa wá ni kò ní? Ṣé wọn ò kó ọmọ náà jáde ni?" Wọ́n bá fúnra wọn kó o jáde. Wọ́n sọ ọ́ ní Àníkẹ́, nítorí pé òun nìkan ni bàbá rẹ̀ ní láti máa kẹ́.

Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì àìmọye ìgbà, mo sì máa ń sùn lọ. Nínú ìwé Àǹtí, n kò lè sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Jẹ́fútà ń bọ̀, Àníkẹ́ ń po sítáàṣì tó fẹ́ fi lọ aṣọ bàbá rẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan gidi wọ̀ bí àwọn èèyàn bá wá kí wọn kú oríire. Ó gbọ́ ìró ẹṣin. Ó mọ ẹsẹ̀ ẹṣin náà láàárín ọgọ́rùn-ún ẹṣin. Kò ráyè nu ọwọ́, bó ṣe ń sáré jáde nìyẹn, sítáàṣì ń kán láti ìka rẹ̀, ìlù kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ apá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rí i tí wọ́n fa aṣọ ọrùn wọn ya, ọmọ náà rò pé ọwọ́ òun tó dọ̀tí ló bí wọn nínú. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá mi, màá lọ fọ̀ ọ́." Ibẹ̀ ni mo máa ń dé tí ẹkún á gbọ̀n mí pẹ̀pẹ̀. Máṣíìnì Àǹtí á ṣì máa dún lọ.

Ìyá mi ló wá sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé bàbá Àǹtí Rẹ̀mí náà ti fi ẹnu ṣèlérí Àǹtí fún ọ̀rẹ́ wọn kan láti fi ṣaya, nígbà tí Àǹtí ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kí Àǹtí tó sá wá sí Ìbàdàn. N kò mọ̀ nígbà yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò máa ń lọ ṣeré Àníkẹ́ lórí òkè, níbi tí a ti lè máa wo èéfín ọkọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ Àníkẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Jẹ́fútà, àfi tí a bá fi gúgúrú bẹ ẹnì kan.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, òyìnbó kan wá bẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa wò. Katikíìsì wa, òun náà ló tún jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ó fẹ́ fi àwa ọmọdé ṣe fáàrí. Ẹ má rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́ nítorí mo ń pè é ní "ó". Ìyá mi kọ́ mi pé "wọ́n" ni à ń pe àgbà. Mo ń pe kólékólé ní "wọ́n," mo ń pe agbódegbà olè ní "wọ́n". Èyí nìkan ni mo yọ sílẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

Ó tò wá síwájú pẹpẹ, ó ń bi wá ní ìbéèrè. A dáhùn ti Nóà, a dáhùn ti Mósè. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Kí ni orúkọ ọmọbìnrin Jẹ́fútà?" Ọgbọ́n ló fi ṣe é. Ó fẹ́ kí gbogbo wa dákẹ́, kí òun wá sọ pé Bíbélì kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn yòókù dákẹ́ lóòótọ́. Èmi nawọ́.

"Àníkẹ́ ni, sà."

Bàbá kan wá sọ láti ẹ̀yìn pé, "Háà, àṣé ọmọ ibí ni Jẹ́fútà!" Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín, àwọn ìyá ìjọ ń fi ìborùn bo ẹnu. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó, òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Katikíìsì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ọrùn rẹ̀ tó ń wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo jẹ ẹgba mẹ́fà yẹn. Ó ní ta ló kọ́ mi, mo dákẹ́. Ó ní ẹni tó bá fi kún ọ̀rọ̀ Bíbélì, ìyọnu ni Ọlọ́run máa fi kún tirẹ̀. Mo dákẹ́. Inú mi dùn sí ìdákẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò kì í dákẹ́. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ẹnì kan ti sọ fún un pé aránṣọ kan ló kọ ìwé kan, ó sì ránṣẹ́ pe bàbá mi.

Mo ti yege ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin nígbà yẹn. Lẹ́tà ìwà rere láti ọwọ́ Katikíìsì nìkan ló kù, láìsí èyí, wọn ò ní í gbà mí. Ó sọ fún bàbá mi lójú mi pé, "Ẹ jẹ́ kó mú ìwé ọ̀hún wá, èmi náà á fún un ní ìwé." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí, pẹ̀lú ẹ̀rín.

A délé. Bàbá mi ní, "Ìwé tí aránṣọ kọ, àti ìwé tó máa gbé ọ délé ẹ̀kọ́, èwo la máa mú?" Ìyá mi ń pọ́n ẹ̀kọ lọ. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. N kò rí àpáta, n kò rí oyin. Àwọn méjèèjì jẹ́ èèyàn dáadáa, kò sì sí ẹni tó sọ nínú wọn pé kí a kọ́kọ́ lọ bá Rẹ̀mí sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kí ni ọmọ yìí tiẹ̀ ṣe. Ìyẹn gan-an ń bí mi nínú ju ẹgba lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Rẹ̀mí ń lọ ra bọ́tìnì ní Dùgbẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣọ́ ọ. Mo ṣọ́ ọ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀, mo sì mú ìwé náà lábẹ́ máṣíìnì, mo fi sábẹ́ aṣọ mi.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, Katikíìsì gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo rò pé òun ló máa ṣáná sí i. Èmi ló na ìṣáná sí. Igi àkọ́kọ́ dá mọ́ mi lọ́wọ́. Èkejì ràn. Ó ní kí àwọn ọmọ kọ orin, wọ́n sì kọrin. Aṣọ èèpo rẹ̀ ló kọ́kọ́ jó, òwú pupa yẹn ló jó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kọ lẹ́tà mi, ọwọ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí.

Àǹtí Rẹ̀mí ti gbọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò wò mí, wọ́n ń rán aṣọ lọ.

"Ṣé ó kọ ọ́ fún ẹ?"

"Ó kọ ọ́, mà."

"Ó dáa. Lọ jẹun."

Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, bóyá ọkàn mi ì bá ti balẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti tún un kọ. Mo rí i tí wọ́n fi bébà síwájú, tí wọ́n di kálàmù mú, tí wọ́n tún gbé e sílẹ̀ tí wọ́n padà sídìí máṣíìnì. Àwọn ló rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo wọ̀ lọ. Nígbà tí mo dé fún ìsinmi àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ti wà ní yàrá iwájú. Wọ́n ní Èkó ni Àǹtí kó lọ. Mo ti wá wọn, n kò rí wọn.

Ẹ wá wo ayé òde òní. Ọmọdé ń wo ìtàn Bíbélì lórí fóònù, Éfà ń sọ̀rọ̀, ìyàwó Nóà ń ráhùn nítorí ìgbẹ́ ẹran, kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Pásítọ̀ tó ń wàásù lónìí á sọ ohun tí ìyàwó Pótífárì fi sí ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìjọ á sì máa ké halelúyà. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò ní kí wọ́n nà wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ tó padà wá sọ fún wa pé àwọn ṣìnà. Dípò ìyẹn, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì fi orúkọ Katikíìsì pè é.

Inú gbọ̀ngàn yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ ti ṣe eré ọmọ Jẹ́fútà lóṣù tó kọjá. Ọmọ-ọmọ mi ló ṣe ọmọ náà. Wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n fún un ní ọ̀rẹ́, wọ́n fún un ní orin, gbogbo èèyàn sì dìde pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó. Ó wá bá mi lẹ́yìn eré, ẹfun ṣì wà lójú rẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ò pàtẹ́wọ́ fún mi." Mo bá sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan ìṣáná. Ó ń wò mí. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi mú ìwé yẹn lọ fún wọn?"

Mo ní torí pé mo fẹ́ kàwé ni.