Irin Tí Mo Ń Gbé Ẹsẹ̀ Lé

Máṣìnì alùpùpù kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé wa ní Aramọkọ, kò gùn ju láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá lọ. Ẹni tó bá wọlé, kó tó jókòó ni màá ti sọ fún un pé èmi ni mo tò ó. Kì í ṣe ọmọ-ọmọ mi o. Èmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò lè kàwé láìlo awò ojú! Tẹ́ ẹ bá ní mò ń fọ́nnu, ẹ ò parọ́.

Ọmọ wa obìnrin tó wà lókè òkun ló fi páálí náà ránṣẹ́. Àwòrán tó wà lára rẹ̀ ni irú máṣìnì tí bàbá wọn ń gùn nígbà tí àwa méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Erio. Nínú páálí, wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀: ike kéékèèké, táyà rọ́bà, ìwé tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń tò ó. Inú mi dùn, àmọ́ bàbá wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ṣé mo ti wá di ọmọdé tí wọ́n ń ra nǹkan ìṣeré fún ni? Kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ulé mi!"

Láti ìgbà tí ojú wọn ò ti ríran mọ́, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ọ̀nà Erio tàbí máṣìnì yẹn, wọ́n á dìde, wọ́n á máa fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá. Ó ń dùn mí wọra. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló mọ ìró máṣìnì wọn! Mo ní màá tò ó, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn pè é ní tiwọn.

Mo sì tò ó. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tàn yín. Gọ́ọ̀mù lẹ ìka mi pọ̀, mo fi ẹ̀mú tí mo fi ń yọ ẹ̀gún gbé ṣéènì sípò, mo kun táǹkì ní pupa. Aládùúgbò wa kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ tún ti padà sí jẹ́lé-ó-sinmi ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, wá jókòó kí n kọ́ ẹ." Ó sá lọ. Nígbà tí mo so hándù mọ́ ọn, tó sì ń yí sọ́tùn-ún sósì, mo jó yí tábìlì ká.

Mo gbé e lé bàbá wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó rí àyè kọ̀. Ìka wọn rìn lórí táyà, lórí táǹkì, lórí síìtì. Ó dé abẹ́ síìtì lápá òsì, ó wá ibẹ̀ lọ wá a bọ̀, ó dúró.

"Kì í ṣe tèmi." Wọ́n dá a padà fún mi.

Háà! Inú bí mi. "Ó dáa, kó jẹ́ ti ẹlòmíì!" Mo gba ilé ìdáná lọ, mo ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí a wà ní Erio, ìró ni mo ń ró lọ síṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo sì ń fi jókòó lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ méjèèjì lápá òsì. Ẹsẹ̀ mi kì í ríbi dúró, ni ọkọ mi bá gbé máṣìnì lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọ́n ní kó jó irin gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi. Àwọn tíṣà yòókù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé wọ́n ṣe àga fún ìyàwó lórí máṣìnì. Ọkọ mi ò wo ojú ẹnì kankan. Láràárọ̀, wọn ò ní tẹ máṣìnì kó dún àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ yíjú sí mi: "Tíṣà, o ti gbé ẹsẹ̀ lé e?"

Mo ṣẹ́ irin kan lára agboòrùn àtijọ́, mo fi píláyà tẹ̀ ẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lápá òsì, mo fi sílẹ̀ kó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n jókòó síta lẹ́yìn oúnjẹ, mo kàn gbé e lé wọn nítan.

Ìka wọn tún bẹ̀rẹ̀. Táyà. Táǹkì. Síìtì. Ó sọ̀ kalẹ̀ sápá òsì, ó kan irin náà, ó ń lọ ó ń bọ̀ lórí rẹ̀. Mo rí i tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn gbéra nílẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ tẹ máṣìnì kó dún. Àmọ́ wọ́n dá a dúró, wọ́n yí orí sẹ́yìn.

"Tíṣà, o ti gbé ẹsẹ̀ lé e?"

Mo ní, "Mo ti gbé e lé e. Ẹ máa lọ."