Ọmọbìnrin inú àwòrán mi kò mọ àgbà

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o.

Ọ̀la ni àwọn àgbà àdúgbò wa ní Mowe ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọnà mi. Àwòrán ọmọbìnrin kan ni, lórí sikirín, kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń fi kámẹ́rà wo èèyàn ló ń darí rẹ̀. Bí èèyàn bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín.

Lónìí, mo ní kí Ìyá àgbà mi dán an wò.

"Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, mà."

"Fún ta? Òun ni kó kúnlẹ̀ fún mi!"

Ojú tì mí. Mo sáré tún un ṣe: ẹni tó bá ga tó mi, kí ọmọ náà kúnlẹ̀ fún un. Ìyá àgbà tún dúró síwájú rẹ̀. Ọmọ ò mira. Èjìká mi ni orí wọn mọ!

"Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó jọ ẹni tó ṣe é."

Gíga ni ẹ̀rọ yìí lè wọ̀n, kò mọ ọjọ́ orí. Ṣé kó kúkú máa kúnlẹ̀ fún gbogbo èèyàn, tọmọdé tàgbà? Àbí ìyẹn náà á tún bí àwọn àgbà nínú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kílẹ̀ tó mọ́.