Ẹni Tí Ó Ń Dúró Kí Gbọ̀ngàn Kún

Ní Ọ̀wọ̀, ìgbà tí ènìyàn bá dé ìpàdé ni a fi ń mọ bí ó ṣe tóbi tó. Mẹ̀kúnnù á tètè dé kí ó lè rí àga. Ọ̀gá kékeré á dé lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó tóbi jù lọ á dúró títí gbogbo wa yóò fi jókòó, kí a lè ráyè dìde fún un. Mo kàwé ní yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, nítorí náà èmi náà mọ bí a ṣe ń pẹ́ dé bí ẹni iyì.

Irú ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣojú àwa òṣìṣẹ́ agbègbè wa nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ owó ìfẹ̀yìntì. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù wa, tí ìjọba sì ń fi tirẹ̀ kún un, kí a má baà di alágbe nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń pinnu ibi tí owó náà ń lọ àti ẹni tí ń fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá wa ti gorí àga náà, ìròyìn kan ṣoṣo tí ó mú wá fún wa ni pé ìpàdé dára, oúnjẹ ibẹ̀ sì dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní òun fẹ́ àga náà. Nọ́ọ̀sì ni, ní Imeri. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbẹ̀bí fún àwọn ìyàwó àgbẹ̀ níbẹ̀, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì jìnnà mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "àga yẹn kì í ṣe ti ẹni tí ń gun ọ̀kadà."

"Ìdí tó ń jókòó sórí ọ̀kadà ni kò ní lè jókòó sórí àga?"

Ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Nígbà ìdìbò tó kọjá, bọ́ọ̀sì wọn dúró kí èrò kún, ọ̀nà sì bàjẹ́. Nígbà tí àwọn ará Imeri fi dé Ọ̀wọ̀, ìlẹ̀kùn ti tì. Ọ̀gá wa ló mú òfin ìlẹ̀kùn yẹn wá: bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, kí wọ́n tì í, olùdíje tí kò bá sì dáhùn nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ti jáde nínú ìdíje. Ó ní ọ̀làjú nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ dé ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, a sì dìde.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi kò bá ọ̀nà jà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, bọ́ọ̀sì kan já òun àti àwọn ará Imeri sílẹ̀ níwájú ilé mi ní Ọ̀wọ̀: nọ́ọ̀sì, tíṣà, àwọn tí ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, pẹ̀lú ẹní àti iṣu.

"Àbúrò, a wá sùn."

"Ẹ̀yin mélòó?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Yà fún wa."

Sófà tí mo rà kí àlejò lè mọ̀ pé mo kàwé, orí rẹ̀ ni wọ́n kó ẹrù lé. Mo fi gírámà ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi lè wọlé. Wọ́n gbé iṣu kaná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó ní gbọ̀ngàn. Ẹni tí wọ́n rán láti Àkúrẹ́ wá darí ìdìbò, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Kò mọ ẹnì kankan ní Ọ̀wọ̀, èyí tí ó jẹ́ ewu ńlá fún àwọn ẹni ńlá. Aago mẹ́sàn-án lù, ó ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n tì í lóòótọ́! Ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo wà níbí, mà!"

Ó pe orúkọ ọ̀gá wa.

Ọkùnrin tó máa ń gbé báàgì ọ̀gá dìde. "Wọ́n ti dé o! Wọ́n wà nínú mọ́tò níta."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń... wọ́n ń dúró kí gbọ̀ngàn kún ni, mà."

Ẹ̀rín bú. Ọkùnrin náà sáré lọ sójú fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀! Wọ́n ti pè yín!"

Láti ibi tí mo jókòó, mo rí i tí gíláàsì mọ́tò wálẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti dìde?" ni ọ̀gá béèrè.

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, tí yóò ká agbádá sórí èjìká, tí yóò sì kan ìlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Òfin yín ni mo ń tẹ̀ lé," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ta ló ṣe é?"

"Àwọn náà ni!" ni gbogbo Imeri dá a lóhùn.

Ó kù kí ó kéde ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n nawọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìlẹ̀kùn ló dìbò fún mi. Kí ẹ sì ṣí i fún ọ̀gá, kí wọ́n wá wòran."

Ọwọ́ gòkè: ará Ọ̀wọ̀, ará Ìfọ́n, ará Imeri. Kódà ọkùnrin alábáàgì na tirẹ̀, èyí tí kò fi gbé báàgì. Orin gbòde, a dìde, mo sì pariwo ju àwọn tí kò kàwé lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá wọlé. Ó bá gbogbo gbọ̀ngàn lórí ìdúró bó ṣe fẹ́ ẹ. Ó tilẹ̀ ti gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ láti kí wa kí ó tó rí i pé ẹ̀yìn ni a kọ sí òun.

Lónìí, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agbègbè wa ló ń rí iye tó wà ní orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n fi pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló jà fún un, òun ló sì ń wá jíyìn fún wa lẹ́yìn gbogbo ìpàdé ìgbìmọ̀. Bí aago ìpàdé bá ti lù, ó ń ti ìlẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó ń ṣí i.

Nígbà tó wá jíyìn kẹ́yìn, mo sáré dé, mo ń mí hẹlẹ. Ọ̀gá wa àtijọ́ ti wà ní ìjókòó iwájú, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Àbúrò," ó ní, "ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí kì í bọ̀wọ̀ fún àkókò."