Ojú Màámi Tí N Kò Yà

Wọ́n ní kí n mú fọ́tò Màámi wá fún ìwé ètò ìsìnkú. Ta ni wọn ì bá tún bẹ̀? Èmi ni mo ń fi fọ́tò yíyà jẹun nílé wa, èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọ̀hún ní gbogbo Sátidé, nínú yàrá òkè kan ní Bódìjà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tilẹ̀ ní, "Tìẹ ló rọrùn jù, fọ́tò lásán."

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ Màámi tó ń ṣa ẹ̀wà wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn wọn lẹ́nu fèrèsé wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn nínú sálúbàtà, òjìji wọn lára ògiri ilé wa ní Agbowó, gèlè tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ojú wọn nìkan ni kò sí. Mo wá a títí, kò sí.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́: ìgbéraga ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ya ìyàwó àti ọkọ kiri Ring Road àti Challenge, tí gbogbo wọn ń kọjú sí mi, tí wọ́n ń fi eyín hàn, títí ó fi sú mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tó wù mí. Ohun tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé ẹni tó bá kọjú sí kámẹ́rà ti ba fọ́tò jẹ́.

Bí Màámi bá ti rí kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọn á tún gèlè ṣe, wọn á nàró ṣánṣán. Èmi á ní, "Màámi, ẹ má wo ibí o." Wọn á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú lọ̀rọ̀ wà! Ìgbà wo lo máa ya ojú mi?" Màá ní tó bá dọ̀la. Ọ̀la wo, èmi aláìgbọ́n? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi náà kò yà wọ́n. Wọ́n ní nílé tí ayàwòrán wà, kí làwọn tún ń yà?

Sátidé kan, Màámi nájà tán ní Bódìjà, wọ́n yà sí kíláàsì mi láti sinmi. Obìnrin onídìrí kan wà nínú àwọn tí mò ń kọ́, tó máa ń wọkọ̀ wá láti Mónìyà. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ló bá gbé fóònù sókè, ó yà wọ́n. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gba fóònù, mi ò tiẹ̀ wò ó dáadáa.

"Kí lèyí? Ṣé pásípọ́ọ̀tù la wá kọ́ ni? Pa á rẹ́."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó wojú Màámi, ó wojú mi, ó pa á rẹ́. Màámi ní, "Ó mà wù mí o." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé wọn lọ.

Mo pe onídìrí. Mo ní bóyá ó ṣì kù síbì kan lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti pa á rẹ́ pátápátá." Òun ló tún ń bẹ̀ mí! Èmi tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀.

Fọ́tò orí káàdì ìdìbò la padà lò. Ojú wọn le níbẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, màmá kan nínú ẹgbẹ́ wọn wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Ìyá wa kọ́ rèé o."

Onídìrí wá síbi ìsìnkú. Mo pè é sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kó sọ fún mi bí fọ́tò yẹn ṣe rí.

Ó ní, "Gèlè wọn tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Èjí wọn hàn. Àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n ń wò, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí."

Mo ní kó tún un sọ.