Ọmọ Tí Kò Dọ̀bálẹ̀ fún Oyèníran

Ní gbogbo àdúgbò wa ní Àgùdà, Bàbá Oyèníran káfíńtà nìkan ni mo mọ̀ tí kì í jẹ́ kí ọmọdé dọ̀bálẹ̀ dé ilẹ̀ fún òun. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kan bá ti fẹ́ na gbọọrọ níwájú rẹ̀, á ti mú un léjìká, á gbé e nàró, á sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́tàlélógún, ìbàjẹ́ ni mo kà á sí. Mo sọ fún un lójú pé ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ló máa ń wí. "Ẹ̀yìn ló ń dùn mí bí mo bá rí wọn nílẹ̀."

Mo ní ẹ̀yìn tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, kò sì sí èyí tó mì títí di òní. Kì í kan ìṣó mọ́ pákó kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì. Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ńṣe ló ń tu pákó nínú kó tó gún un. A mọ̀ pé ó ṣe ṣójà nígbà ogun abẹ́lé. Ohun tó ṣe níbẹ̀ ni a kò mọ̀. Bí a bá béèrè, á ní, "Mo ṣọ́ ẹnu ọ̀nà," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́lá gba ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa láti fi ya fíìmù. Fíìmù ogun ni, ó ní, ṣùgbọ́n ìbọn kankan kò ní dún nínú rẹ̀. Inú àgọ́ tí wọ́n kó àwọn òǹdè ogun sí ni gbogbo ìtàn náà ti wáyé, láàárín ṣójà Yorùbá kan tó ń ṣọ́ wọn àti ọmọkùnrin Ìgbò kan tó wà nínú ìgbèkùn. Àràárọ̀ ni ọmọ náà ń nawọ́ láti bọ ṣójà lọ́wọ́. Àràárọ̀ sì ni ṣójà ń bínú, nítorí nílẹ̀ wa ọmọdé kì í nawọ́ sí àgbà. Bàbá bàbá Moyọ̀sọ́lá, tó dáná fún àwọn ṣójà ní àgọ́ náà gan-an, ló sọ ìtàn náà fún un. Ó kú kó tó sọ ìparí rẹ̀, Moyọ̀sọ́lá sì fi èrò ara rẹ̀ parí rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa tún Yorùbá wọn ṣe, Yorùbá náà sì nílò àtúnṣe. Bàbá Oyèníran ni wọ́n ní kó kan ọgbà àgọ́. Wọ́n kó pákó wá fún un láti ilé ìlagi ní Mákòkó, ó sì fi ọjọ́ mẹ́fà kàn án. Mo ṣàkíyèsí pé kò béèrè ìwọ̀n ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n fi ìparí fíìmù náà dánra wò. Muadh, òṣèré wọn kan, ló ṣe ṣójà. Joshua, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Mushin, ló ṣe òǹdè. Bí Moyọ̀sọ́lá ti kọ ọ́ ni pé, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí òǹdè ti dúró nínú oòrùn, ó dọ̀bálẹ̀. Ṣójà gbé e dìde, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún.

Joshua dọ̀bálẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí nǹkan kan tún ṣe.

"Ọmọ Ìgbò yìí," Muadh wí, "o mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ!"

"Ní Mushin? Bí o ò bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé wa, o ò ní pọnmi láàárọ̀ yẹn."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òòlù jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ Bàbá Oyèníran ló ti bọ́, ó sì di òpó ọgbà mú.

"Kò dọ̀bálẹ̀," ó wí.

"Ta ni, Bàbá?" Moyọ̀sọ́lá béèrè.

"Ọmọ náà. Obiora. Kò dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ìdíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Ibi tó dé ló dúró sí.

Bàbá kò gbé ohùn sókè. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Èmi jẹ́ méjìlélógún. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tó nawọ́, mo gbá ọwọ́ náà dànù. Mo ní, ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Mo ní kó dúró sínú oòrùn títí á fi dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó tún nawọ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ọjọ́ mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, àgbàlagbà kan nínú wọn tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Yábàá rí pè mí. Ó ní, 'Ọ̀gá ṣójà, níbi tiwa, èèyàn kì í dojú bolẹ̀ fún èèyàn bíi tiẹ̀. Ọwọ́ la fi ń kíni. Ọmọ yẹn ń kí yín ni.'"

"Ẹ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́?" Moyọ̀sọ́lá béèrè.

"Ó ti ṣubú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́sípítù. Bóyá ó yè, bóyá kò yè, mi ò mọ̀."

Nígbà náà ló yé mi ìdí tó fi ń gbé àwọn ọmọ mi nílẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí fún Moyọ̀sọ́lá, "mo fi omi dù ú, mo fi ibòòji dù ú. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un ni pé kò dọ̀bálẹ̀. Èmi tí mo nìbọn lọ́wọ́, mi ò rí ìyẹn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi gbà á."

Moyọ̀sọ́lá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ títí. "Bàbá, bí mo bá yí i padà, ṣójà yẹn ni gbogbo èèyàn máa kórìíra. Gbogbo Àgùdà á sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni wọ́n ti jọ wà, obìnrin náà kò sì gbọ́ ìtàn yìí rí.

"Kí lẹ ń wò mí fún?" Ìdíátù wí. "Èmi ni mò ń ya fíìmù? Ẹ dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn."

"Kí wọ́n mọ̀," Bàbá wí.

"Bàbá, èmi ni wọ́n máa lù!" Muadh ké.

"Ní kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo máa ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ."

Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní mi ò ní bá a wí mọ́ nítorí àwọn ọmọ. Ó ní kí n máa kọ́ wọn ní ìdọ̀bálẹ̀ o, ó dára. Kí n ṣáà fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ayé ló ń kíni bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ya ìparí náà. Joshua dúró nínú oòrùn láti aago mẹ́wàá, ó ń nawọ́, kò sì dọ̀bálẹ̀. Kò tẹ́ Moyọ̀sọ́lá lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n tún un yà, wọ́n tún un yà, títí ó fi di ọ̀sán gangan. Bàbá Oyèníran dúró lẹ́yìn ọgbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó ká fìlà mọ́wọ́. Mo gbé àga lọ fún un, ó mi orí. Ìdíátù ṣí agbòòrùn rẹ̀, ó nà án bo ọkọ rẹ̀ lórí.

"Baálé mi, ẹ jókòó. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti dúró."

"Wọn ò tíì ní kí ọmọ náà jókòó."

Ìdíátù mú agbòòrùn náà bọ́ sí ọwọ́ kejì, ó sì dúró tì í.